Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà ní Morris, ìpínlẹ̀ Minnesota: ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń béèrè, àti ìdáhùn wọn

Láti ọdún 1887 ni iléèwé mẹ́ta ti jókòó tẹ̀ lé ara wọn sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Morris, lápá ìwọ̀ oòrùn Minnesota ní Amẹ́ríkà. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni Yunifásítì Minnesota ti Morris. Gbólóhùn kan tí wọ́n kọ sínú òfin ní 1909 ló sì mú kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn ìran àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, máa kàwé níbẹ̀ títí dòní láìsan owó ẹ̀kọ́. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ju ohun gbogbo lọ, torí pé ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní àánú. Gbèsè ni, gbèsè tí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé lé lórí.

Níbo gan-an ni Morris wà, irú iléèwé wo ló sì wà níbẹ̀?

Ìlú kékeré ni, èèyàn bí 5,000 ló ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹ, oko àgbàdo àti sóyà ló yí ìlú ká. Bí ẹ bá wakọ̀ láti Minneapolis, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ọgbà márùn-ún ni Yunifásítì Minnesota ní: ọgbà ńlá ti Minneapolis àti St. Paul, ti Duluth, ti Crookston, ti Rochester, àti ti Morris yìí. Ti Morris ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ liberal arts. Oyè àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, èyí tó ń gba ọdún mẹ́rin. Kò sí másítà, kò sí oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí náà kò sí akẹ́kọ̀ọ́ másítà tí wọ́n máa tì síwájú kíláàsì kó máa kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe nǹkan mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ni.

Kí ni wọ́n ń pè ní liberal arts?

Ní Nàìjíríà, kí ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò JAMB ló ti gbọ́dọ̀ mọ kọ́ọ̀sì tó fẹ́ kà. Tó bá yan ìmọ̀ ẹ̀rọ, inú ìmọ̀ ẹ̀rọ ló wà nìyẹn, yàtọ̀ sí GNS díẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń ṣe kó lè kọjá. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts, ọmọ lè wọlé láìtíì mọ ohun tó fẹ́. Á ka ìtàn díẹ̀, á ka ìṣirò, á ka báyọ́lọ́jì, á kọ́ èdè kan, á ya àwòrán tàbí kó kọrin. Nígbà tó bá fi máa parí ọdún kejì, ó ti mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, á wá mú kọ́ọ̀sì kan ní pàtàkì. Ẹni tó fẹ́ di dókítà lè kọ́kọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí, bó bá ṣáà ti ṣe àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí iléèwé ìṣègùn ń béèrè.

Àwọn òbí wa máa ń bẹ̀rù irú ẹ̀kọ́ báyìí. Wọ́n á ní, "Kí ló máa fi ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé iṣẹ́ ń yí padà, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé dénú, tó mọ̀ ọ́n kọ, tó sì lè gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò láti ọ̀nà mẹ́ta, kì í ṣòro fún un láti kọ́ iṣẹ́ tuntun.

Ṣebí àwọn olówó ló ni irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó lórúkọ jù, bíi Williams, Amherst àti Swarthmore, ti aládàáni ni wọ́n, owó wọn sì ga gan-an. Ìdí nìyẹn tí ti ìjọba fi ṣe pàtàkì. Ó ń fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ awakọ̀ ní irú kíláàsì kékeré tí ọmọ olówó ń jókòó sí. Ní 1987, àwọn kan lára àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts ti ìjọba kóra jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ COPLAC, Morris sì wà nínú rẹ̀. Irú wọn tún wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn: St. Mary's College ní Maryland, Truman State ní Missouri, Evergreen ní ìpínlẹ̀ Washington, Fort Lewis ní Colorado. A óò padà sórí Fort Lewis, nítorí ìtàn rẹ̀ àti ti Morris jọra bí ìbejì.

Ta ló ni ilẹ̀ náà kí iléèwé tó débẹ̀?

Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni: àwọn Dakota, àti àwọn Anishinaabe tí àwọn mìíràn ń pè ní Ojibwe. Ní 1851, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Traverse des Sioux, ìjọba Amẹ́ríkà mú kí àwọn aṣáájú Dakota tọwọ́ bọ àdéhùn tó gba gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn Minnesota mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó àti oúnjẹ tí wọ́n ṣèlérí kì í dé lásìkò, ebi sì wọlé tọ àwọn èèyàn. Ní 1862, ogun bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n so ọkùnrin Dakota 38 rọ̀ ní Mankato lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Ààrẹ Abraham Lincoln ló fọwọ́ sí orúkọ àwọn tí wọ́n máa pa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin lé àwọn Dakota kúrò ní Minnesota.

Ẹ dúró síbi ọdún 1862 yìí díẹ̀. Lincoln kan náà, lọ́dún kan náà, ló fọwọ́ sí òfin Morrill, èyí tó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tí wọ́n lè tà láti fi dá yunifásítì sílẹ̀. Yunifásítì Minnesota jẹ nínú òfin yẹn, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Dakota sì wà lára ohun tó jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fi ń sọ pé àwọn ni wọ́n fi owó ìpìlẹ̀ sílẹ̀ fún yunifásítì yìí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2023, ìwádìí kan tí àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Minnesota àti àwọn olùwádìí yunifásítì jọ ṣe, tí wọ́n pè ní TRUTH, tú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó yìí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ta ló kọ́kọ́ kọ́ iléèwé síbẹ̀?

Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Sisters of Mercy. Mother Mary Joseph Lynch ló ṣáájú wọn, wọ́n sì ṣí iléèwé náà ní 1887. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀ láti gbé, tí wọ́n á sì máa kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ ń san owó fún wọn lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀rúndún náà parí, ìjọba dáwọ́ owó tí wọ́n ń fún iléèwé ìjọ dúró, wọ́n sì gba iléèwé Morris mọ́ra, wọ́n ń darí rẹ̀ fúnra wọn títí di 1909.

Báwo ni ìgbé ayé àwọn ọmọ náà ṣe rí?

Irú iléèwé báyìí pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà nígbà náà, èrò kan náà ló sì wà nídìí gbogbo wọn: kí ọmọ gbàgbé ilé. Wọ́n gbà pé bí ọmọ bá jìnnà sí ìyá rẹ̀, sí èdè rẹ̀, sí oúnjẹ àti ẹ̀sìn àwọn bàbá rẹ̀, á di aláwọ̀ funfun nínú ìwà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á sì tán nìyẹn, nítorí kò ní sí ẹni tó máa rántí pé tòun ni.

Bí ọmọ bá dé, wọ́n á gé irun rẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọ̀nyí, ọ̀fọ̀ ló máa ń mú kí èèyàn gé irun, nítorí náà ọmọ tí wọ́n gé irun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹnì kan ti kú nílé. Wọ́n á bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n á fún un ní yunifọ́ọ̀mù àti orúkọ tuntun. Aago ló ń jí wọn, aago ló ń pè wọ́n sídìí oúnjẹ, aago ló ń lé wọn sùn. Wọ́n á lo ìdajì ọjọ́ nínú kíláàsì, ìdajì tó kù lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ lóko àti nídìí ẹran ọ̀sìn; àwọn obìnrin ń rán aṣọ, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n pè é nínú ìwé. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn wà lára ohun tó ń mú kí iléèwé lè jẹun.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní bàbá tàbí ìyá àgbà tí wọ́n nà níléèwé nítorí pé ó sọ Yorùbá, tàbí tí wọ́n fi pátákó kọ́ lọ́rùn. Èyí lè jẹ́ ká tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tiwa ń padà sílé lálẹ́, wọ́n sì ń bá Yorùbá nílé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í padà fún oṣù gbọọrọ, nígbà míì fún ọdún.

Ṣé àwọn ọmọ kú níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àkọsílẹ̀ tó kù fi hàn pé àwọn kan kú nígbà tí wọ́n wà níléèwé náà. Ní irú iléèwé yìí káàkiri, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àìsàn tó ń ràn máa ń jà nínú yàrá tí ọmọ pọ̀ sí jù. Ní 2021, ìròyìn jáde láti Kamloops ní Kánádà pé wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ iléèwé irú èyí wò, wọ́n sì rí àmì ohun tó jọ sàréè àwọn ọmọdé. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Morris ti ń béèrè pé kí wọ́n wá ilẹ̀ tiwọn náà wò. Lójú tèmi, ohun tó tọ́ ni kí àwọn ẹ̀yà tó ni àwọn ọmọ náà pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa wá wọn àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá rí wọn. Òkú ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí yunifásítì ń fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1909?

Nígbà yẹn, ìjọba àpapọ̀ ti ń yí ojú sí iléèwé tó sún mọ́ ilé àwọn ọmọ. Wọ́n ti èyí tó wà ní Morris pa. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ lọ ìpínlẹ̀ Minnesota kí wọ́n fi ṣe iléèwé. Ṣùgbọ́n òfin tí ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe gbé ohun kan ka ìpínlẹ̀ náà lọ́rùn: ní gbogbo ìgbà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gba ọmọ ìbílẹ̀ wọlé láìgba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é bákan náà pẹ̀lú ọmọ aláwọ̀ funfun. Ilé aṣòfin Minnesota gbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọn ò sọ pé fún ogún ọdún. Wọn ò sọ pé ọmọ mélòó. Wọn ò sọ pé bí owó bá wà. "Ní gbogbo ìgbà" ni wọ́n kọ, ohun tó sì mú un lágbára títí dòní nìyẹn. Àdéhùn tí ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ṣe pọ̀ lọ súà, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì dà. Èyí wà lára ìwọ̀nba tó ṣì dúró.

Fort Lewis tí mo dárúkọ lókè ní irú tirẹ̀. Bárékè ológun ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó di iléèwé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní 1891, ìpínlẹ̀ Colorado sì gbà á ní 1911 lórí àdéhùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Morris mu. Títí dòní, àwọn méjèèjì ló ń ru ẹrù kan náà.

Ṣé ó wá di yunifásítì lójú ẹsẹ̀?

Rárá. Iléèwé àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ dà. West Central School of Agriculture ni wọ́n pè é, abẹ́ Yunifásítì Minnesota ló wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1910. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ agbègbè náà, àwọn tí òbí wọn wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ yẹn, ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ń kàwé girama, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ oko, ìtọ́jú ẹran àti ìtọ́jú ilé.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta ni wọ́n ń ṣe iléèwé. Bí ìgbà gbíngbìn bá dé, kí ọmọ lọ bá bàbá rẹ̀ lóko. Bí ìkórè bá parí, kó padà wá. Iléèwé tó mọ ìgbà tí oko ń pe ọmọ kò pọ̀.

Àyíká tí èèyàn ń rí níbẹ̀ lónìí, láti ìgbà iléèwé àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Clarence H. Johnston, ayàwòrán-ilé tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ fún ìpínlẹ̀ náà, ló ya ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀: ilé bíríkì tó yí pápá oníkoríko kan ká, igi ńláńlá láàárín. Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ kọ apá yẹn sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè.

Ilé kan ṣoṣo ló kù láti ìgbà iléèwé àwọn ọmọ ìbílẹ̀. 1899 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn ọmọkùnrin ló ń sùn níbẹ̀. Ilé náà ṣì wà ní lílò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀yà mìíràn ló ń pàdé níbẹ̀, tí wọ́n ń kàwé níbẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ èdè tí wọ́n ti na ọmọ lé lórí rí nínú ilé kan náà. Inú mi dùn pé wọn ò wó o.

Báwo ló ṣe wá di kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iléèwé girama ti dé gbogbo ìlú kékeré, ọmọ tó ń wá iléèwé àgbẹ̀ sì ń dín kù. Lọ́wọ́ kejì, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun ń dàgbà, yunifásítì á sì nílò àyè. Àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Minnesota rí i pé kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ọlọ́dún mẹ́rin nítòsí wọn, wọ́n sì ń bá àwọn aṣòfin àti ìgbìmọ̀ yunifásítì fà á títí wọ́n fi gbà. Oṣù Kẹsàn-án 1960 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Morris ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú ọmọ ọdún kìíní 238. Rodney Briggs, tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé àgbẹ̀ náà, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni láíbìrì ibẹ̀ ń jẹ́. Iléèwé àgbẹ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ lo ọgbà kan náà fún ìgbà díẹ̀, kí iléèwé àgbẹ̀ tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1963. Àwọn àkọ́kọ́ gboyè ní 1964.

Ọgbà yí padà, orúkọ yí padà, ohun tí wọ́n ń kọ́ yí padà, ṣùgbọ́n gbólóhùn 1909 kò yí padà. Ó bá ilẹ̀ náà lọ.

Ta ló lè jàǹfààní àdéhùn yìí báyìí? Ṣé ó kan oúnjẹ àti ilé?

Ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá lè fi ìwé hàn pé òun jẹ́ ọmọ ẹ̀yà kan, tàbí pé ìran òun ti ibẹ̀ wá, lè béèrè fún un. Wọ́n kì í wo bóyá òbí rẹ̀ lówó tàbí kò lówó. Kò di dandan kó jẹ́ ọmọ Minnesota pẹ̀lú. Ọmọ tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn ní ẹ̀tọ́ sí i.

Owó ẹ̀kọ́ nìkan ló bò. Họ́sítẹ̀lì, oúnjẹ, ìwé àti owó ọkọ̀ wà lọ́rùn ọmọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń sọ pé "wọ́n ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́" fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń ja bọ́.

Láti 2022, Yunifásítì Minnesota tún gbé ètò mìíràn kalẹ̀ lórí gbogbo ọgbà rẹ̀ fún ọmọ àwọn ẹ̀yà mọ́kànlá tó wà ní Minnesota: owó ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ tàbí kí wọ́n dín in kù, wọ́n sì ń wo bí owó ṣe ń wọlé fún ìdílé. Ètò yunifásítì nìyẹn, ìgbìmọ̀ tó ṣe é lè yí i padà. Ti Morris wà nínú òfin.

Ṣé kì í ṣe ojúsàájú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù?

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń gbé Amẹ́ríkà, tí àwọn náà ń sanwó ọmọ níléèwé, mo sì mọ bó ṣe ń dunni láti san ohun tí ẹlòmíì kò san. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá a bọ̀ láti ìdí. Bí ẹnì kan bá gba ilẹ̀ bàbá yín, tó fi ilẹ̀ náà lọ ẹlòmíì, tó sì sọ fún ẹni tó gbà á pé "nítorí ilẹ̀ yìí, ọmọ wọn kò ní sanwó níbí láé," ta ni ẹni náà ń ṣe lóore? Minnesota kò san kọ́bọ̀ fún ilẹ̀ àti ilé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ tí wọn kò gbà ni wọ́n fi ń san án. Ẹni tó rà á láwìn, tó ń san díẹ̀díẹ̀, kò ṣe olówó ọjà lóore.

Ta ló wá ń ru owó náà?

Yunifásítì àti ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ tó ṣe òfin kò bá wọn dá sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jàǹfààní ń wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣòfin kan láti Minnesota àti Colorado fi ti gbé àbá lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ léraléra pé kí ìjọba àpapọ̀ máa dá owó àwọn ọmọ tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn padà fún Morris àti Fort Lewis. Mo fara mọ́ àbá yẹn pátápátá. Ẹrù gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n gbé lé iléèwé kékeré méjì lórí.

Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí orí ìwé nìkan ni?

Wọ́n wà níbẹ̀ dáadáa. Láti ọdún díẹ̀ wá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Èyí pọ̀ gan-an fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin tí kì í ṣe ti ẹ̀yà fúnra wọn, ìjọba àpapọ̀ sì ti kà á mọ́ àwọn iléèwé tó ń sin ọmọ ìbílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ èdè Anishinaabe àti ti Dakota níbẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe powwow, ìpéjọ ìlù, orin àti ijó, níbi tí àwọn ìdílé ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú aṣọ ijó wọn.

Kí ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tí àwọn èèyàn máa ń sọ nípa Morris?

Afẹ́fẹ́ kì í sinmi níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di iná. Ní 2005, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan tí afẹ́fẹ́ ń yí dúró, èkejì tẹ̀ lé e ní 2011. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú iná mẹ́gáwáàtì 1.65 jáde. Wọ́n tún kọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan láti fi ṣùkù àgbàdo àti àwọn ohun tó kù lóko bẹ́ẹ̀ ṣe ooru.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà ni ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yunifásítì wà, ọmọ ìyá iléèwé àgbẹ̀ àtijọ́. Àwọn ló fi iná afẹ́fẹ́ ṣe amóníà, èyí tí àgbẹ̀ ń fi ṣe ajílẹ̀. Gáàsì àdánidá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é níbòmíràn. Wọ́n tún gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà ga sókè nínú pápá kí màlúù lè sinmi lábẹ́ rẹ̀ nígbà ooru. Ó wù mí kí àwọn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ní Abẹ́òkúta àti Makurdi yẹ èyí wò dáadáa, nítorí oòrùn tiwa ju tiwọn lọ fíìfíì, a sì ní ṣùkù àgbàdo tí à ń dáná sun lásán.

Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń gbèrú?

Iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ó lé ní 1,800 ní nǹkan bí ọdún 2013, ó ti sún mọ́ 1,000 báyìí. Ọmọ tó ń parí girama ní àwọn ìlú kékeré agbègbè náà ń dín kù, ọ̀pọ̀ sì ń sá lọ sí ìlú ńlá. Bí ọmọ bá dín kù, owó á dín kù; bí owó bá dín kù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kọ́ọ̀sì wo ni ká gé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ti ìjọba wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin lọ́dọọdún. Àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn náà ló lè fi ebi pa á. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí Morris bá kásẹ̀ nílẹ̀, àdéhùn 1909 á ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò ní sí kíláàsì tí ọmọ máa jókòó sí.

Ọmọ Nàìjíríà lè lọ síbẹ̀?

Iléèwé náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ físà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí. Àdéhùn owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò kàn án, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó kàn án. Èsì WAEC tàbí NECO àti àkọsílẹ̀ girama ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá gba ọmọ, tí ẹ sì fi hàn pé owó wà, iléèwé á fi ìwé I-20 ránṣẹ́. Ìwé yẹn ni ọmọ máa ń mú lọ gba físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ní Èkó tàbí Àbújá, àmọ́ láti oṣù Kìíní 2026 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá físà yẹn dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà.

Ẹ bi wọ́n léèrè, kẹ́ ẹ tó pinnu, iye ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa fún ọmọ àti bóyá ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ẹ bi wọ́n bóyá kọ́ọ̀sì tí ọkàn ọmọ yín fà sí ṣì wà, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí owó ń dín kù lè ti gé e. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé nínú oṣù Kìíní, òtútù ibẹ̀ lè lọ sí ìwọ̀n 20 tàbí 30 lábẹ́ òdo ní Celsius, àti pé ìlú náà kéré: kò sí ọjà Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀gúsí á lọ rà á ní Minneapolis. Gbogbo ìbéèrè yìí, ọ́fíìsì ìgbàwọlé ní Morris ló ń dáhùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sídìí tí ẹ fi máa san owó fún aṣojú kankan nítorí rẹ̀.